Fọ́ọ̀mù 36 Lórí Tábìlì: Àkọsílẹ̀ Ohun tó Ṣẹlẹ̀ ní Ọ́fíìsì Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Kan ní Iléṣà

Ẹ̀sùn mẹ́ta ni wọ́n fi kan akọ̀wé ẹgbẹ́ wa níbi ìpàdé oṣù Kìíní: pé ẹ̀yáwó kì í jáde lásìkò, pé ìwé owó ẹgbẹ́ kò ní í ṣe tán kí ọ́dítọ̀ tó dé láti Òṣogbo nínú oṣù Kẹta, àti pé bí ènìyàn bá dé ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ni yóò gbọ́ "ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Mo wà lára ìgbìmọ̀. Olùkọ́ fẹ̀yìntì ni mí, mo sì ní àyè lọ́wọ́, èyí ló mú kí wọ́n ní kí n lọ jókòó sí ọ́fíìsì náà fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n fi ojú ara mi wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kí n sì wá jábọ̀. N kò ní í dárúkọ ẹgbẹ́ náà. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ wà káàkiri tí wọ́n ń ru ẹrù kan náà, tí àwọn ènìyàn sì ń pè ní ọ̀lẹ.

Yàrá méjì àti fàráńdà kan ni ọ́fíìsì náà, ní Òkèsà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lé ní 400: àwọn ìyá tó ń ta aṣọ àti èlò ọbẹ̀ ní Ọjà Atákúnmọ́sà, àwọn kápẹ́ńtà, télọ̀, mẹkáníìkì, àti àwọn olùkọ́ bíi tèmi. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti ń ṣe é, ẹni tó bá ní owó ìfipamọ́ lè yá ìlọ́po méjì rẹ̀, bí ọmọ ẹgbẹ́ méjì bá dúró fún un. Nàìjíríà ti ní òfin fún irú ẹgbẹ́ báyìí láti 1935, òfin sì ni pé kí wọ́n máa yẹ ìwé owó wa wò lọ́dọọdún. Akọ̀wé kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, tó sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́sàn-án. Ọmọbìnrin kan tó ń retí àtiwọ yunifásítì wà pẹ̀lú rẹ̀, ó ń gbálẹ̀, ó sì ń lọ ṣe fọtokọ́pì.

Kí n tó débẹ̀, mo ti ní ìdáhùn mi lápò. Mo rò pé iṣẹ́ náà ló pọ̀ ju ẹnì kan lọ, pé ó di dandan kí a gba akọ̀wé kejì. Àwọn mìíràn nínú ìgbìmọ̀ rò pé kò fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́ ni. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì.

Mo jókòó sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìwé àjákọ kan. Mo ń fa ìlà kan sí apá ọ̀tún fún ẹnikẹ́ni tó bá mú ọ̀rọ̀ tuntun wá, mo sì ń fa òmíràn sí apá òsì fún ẹni tó bá wá béèrè ọ̀rọ̀ tó ti wá sọ tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́, ènìyàn 118 ló wọlé. Nígbà tí mo ka ìlà wọ̀nyí ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀rọ̀ tuntun jẹ́ 47; àwọn tó wá béèrè pé "ṣé ó ti yá?" jẹ́ 71. Mo tún un kà, nítorí kò wọ̀ mí létí. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ John Seddon, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí àwọn ọ́fíìsì ṣe ń dá ará ìlú lóhùn, pín iṣẹ́ tó ń wọlé sí ọ̀nà méjì: èyí tí a torí rẹ̀ dá ọ́fíìsì sílẹ̀, àti èyí tó ń wá nítorí pé a kò ṣe ti àkọ́kọ́ tán, tàbí pé a kò ṣe é bó ti yẹ. Ní ọ́fíìsì tiwa, irú kejì yìí ló pọ̀ jù, àwa fúnra wa la sì ń bí i lójoojúmọ́.

Ohun tí mo rí ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ náà ni yóò jẹ́ kó yé ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ní aago mẹ́jọ kọjá ogójì ìṣẹ́jú, akọ̀wé mú fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó kápẹ́ńtà kan, ó ṣí lẹ́jà sí ojú ewé rẹ̀, ó fi rúlà sábẹ́ ìlà owó ìfipamọ́ àkọ́kọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro owó náà pọ̀ lórí ẹ̀rọ ìṣirò. Kò tíì dé ìlà kẹrin nígbà tí ìyá aláṣọ kan wọlé láti ọjà. Akọ̀wé dìde, ó kúnlẹ̀, wọ́n sì kí ara wọn: ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ọjà ńkọ́, ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ńkọ́.

"Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ owó mi yẹn ńkọ́?"

"Ó wà lórí tábìlì, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ó wá fọ́ọ̀mù Màmá jáde láàárín àwọn yòókù kí Màmá lè fojú rí i pé kò sọnù, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó padà wá jókòó. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìṣirò ti kú fúnra rẹ̀, kò sì rántí ibi tó bá owó dé mọ́, ó wá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìíní. Fóònù dún: alága fẹ́ mọ iye tó wà ní báǹkì. Télọ̀ méjì wọlé. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ yọwọ́ nínú ìdúró tó ṣe fún ẹnì kejì, àríyànjiyàn wọn sì gba ààbọ̀ wákàtí. Fóònù tún dún. Nígbà tó fi di aago méjì ọ̀sán, rúlà náà ṣì wà lójú ewé kan náà, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo sì kà tí obìnrin yìí tún ìṣirò kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀. Mọ́ínmọ́ín tó rà láàárọ̀ ṣì wà nínú ewé rẹ̀ lójú fèrèsé. Kò sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò parí ohunkóhun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a ti ilẹ̀kùn, kí ó sì ṣe fọ́ọ̀mù kápẹ́ńtà yẹn lójú mi láìsí ìdíwọ́, kí n wo aago. Ó yẹ owó ìfipamọ́ wò, ó yẹ ti àwọn onídùúró méjèèjì wò, ó wo bóyá gbèsè àtijọ́ wà nílẹ̀, ó ṣírò iye tí kápẹ́ńtà náà yóò máa san lóṣooṣù, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 35. Ní ọjọ́ kejì, a wo méjì mìíràn: ọ̀kan gba ìṣẹ́jú 31, èkejì gba 38. Fọ́ọ̀mù tó wà lórí tábìlì jẹ́ 36, nítorí oṣù Kejìlá ni ẹ̀yáwó máa ń pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, nígbà tí ọdún Ìwúde Ìjẹ̀ṣà àti Kérésìmesì bá so mọ́ra. Mo fi 35 ọ̀nà 36, ó jẹ́ ìṣẹ́jú 1,260, ìyẹn wákàtí 21. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni, bí ènìyàn bá ń fi wákàtí méje ṣe é lóòjọ́.

Mo yí ìwé náà sí i. Ó wò ó títí.

"Bàbá Tíṣà, ọjọ́ mẹ́ta? Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni kò jẹ́ kí n sùn láti oṣù Kọkànlá?"

Ìṣirò kejì dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Fọ́ọ̀mù mẹ́sàn-án ló ń parí lọ́sẹ̀ kan, bí ó sì ti ń parí mẹ́sàn-án ni mẹ́sàn-án mìíràn ń wọlé. Onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ John Little fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1961 pé bí a bá mọ iye tó ń dúró, tí a sì mọ iye tó ń jáde lọ́sẹ̀ kan, kí a pín ti àkọ́kọ́ sí ti èkejì ni a ó fi mọ iye ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan yóò dúró, bí a bá fi ti gbogbo wọn ṣe déédéé. Pín 36 sí ọ̀nà mẹ́sàn-án: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìdáhùn tó jẹ́ òótọ́ fún ìyá aláṣọ yẹn ni pé kí ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ṣùgbọ́n "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" ni akọ̀wé sọ, nítorí ojú ń tì í láti sọ ohun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà tó pé, Màmá yóò ti wá lẹ́ẹ̀mẹrin, ìṣẹ́jú mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú 32 ni a fi ń bẹ Màmá nítorí iṣẹ́ tí à bá fi ìṣẹ́jú 35 parí fún un.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ dídá kò yẹ kó ṣe àjèjì sí àwa Ìjẹ̀ṣà. Àwọn Òṣómàáló, àwọn bàbá wa tó ń gbé aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn, ọjọ́ ni wọ́n ń dá fún oníbàárà. Bí ọjọ́ náà bá pé, wọn á dé, wọn á sì lóṣòó síwájú onígbèsè títí yóò fi sanwó. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Mo sọ èyí fún akọ̀wé, ó sì dáhùn pé bàbá bàbá òun wà lára wọn, pé wọn kì í jókòó sí ilé onígbèsè kí ọjọ́ tó pé.

Èrò mi àkọ́kọ́ lórí àtúnṣe kò dára, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Mo ní kí akọ̀wé ti ilẹ̀kùn láti aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá, a sì lẹ ìwé mọ́ ọn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kàn án. Ọjọ́ kìíní lọ dáadáa. Ní ọjọ́ kejì, bàbá kan dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó ka ìwé tó wà lára ilẹ̀kùn, ó sì bi ọmọbìnrin yẹn léèrè, láìgbé ohùn sókè, pé, "Ṣé èmi ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́?" Ó yí padà, ó lọ. Akọ̀wé gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá, kó sì tó dé ìta, Bàbá ti wọ ọkọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti akọ̀wé lọ sí ilé Bàbá láti tọrọ àforíjì. Mo dọ̀bálẹ̀, òun náà kúnlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, a ya ìwé náà kúrò lára ilẹ̀kùn.

Inú mi kò dùn ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n padà sí ìwé àjákọ mi láti wo ohun tí mo ti kọ. Kì í ṣe ìkíni ló ń jẹ àkókò. Ìkíni kì í gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Wíwá fáìlì, ṣíṣe àlàyé ìdí tí kò fi tíì yá, àti títún ìṣirò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn náà ló ń jẹ ẹ́. Nítorí náà a kò nílò láti lé ẹnikẹ́ni; ohun tó yẹ ni pé kí a ya ìkíni sọ́tọ̀ kúrò lára fáìlì.

A gbé bẹ́ǹṣì àti tábìlì kékeré sí fàráńdà. Ọmọbìnrin yẹn jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé ńlá kan tí a fa ìlà sí: orúkọ, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá wá, nọ́ḿbà fóònù, àti ọjọ́ tí a dá. Ó ń kí wọn, ó ń gbọ́ ẹjọ́ wọn, ó sì ń kọ ọjọ́ sórí ìwé pélébé kan fún wọn. Akọ̀wé wà ní yàrá ẹ̀yìn láti aago mẹ́jọ títí di mọ́kànlá pẹ̀lú àwọn fọ́ọ̀mù. Bí àgbàlagbà bá dé lásìkò yẹn, yóò jáde wá kúnlẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ òfìfo ni yóò fi jáde. Fáìlì kò gbọ́dọ̀ bá a dé fàráńdà. Kí ó tó dìde, yóò fi pẹ́ńsù kọ iye tó bá owó dé sí ẹ̀gbẹ́ ìlà tó wà. Ohun kékeré ni pẹ́ńsù yìí, ṣùgbọ́n lójú tèmi òun ló ṣe iṣẹ́ jù nínú gbogbo ètò náà, nítorí láti ọjọ́ yẹn, kò sí ìṣirò kan tó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìíní mọ́. Láti aago mọ́kànlá lọ, ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ó sì fi wákàtí tó kẹ́yìn, láti mẹ́ta sí mẹ́rin, sílẹ̀ fún kíkọ owó ọjọ́ náà sínú lẹ́jà àti fún dídín àwọn oṣù tí a kò tíì kọ kù.

Wákàtí mẹ́ta láàárọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún jẹ́ wákàtí 15. Ó tó fọ́ọ̀mù 25 lọ́sẹ̀ kan. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kejì ètò fàráńdà yìí, pẹ̀lú 18 mìíràn tó ti wọlé, fọ́ọ̀mù márùn-ún péré ló kù lórí tábìlì.

Ṣùgbọ́n bí fọ́ọ̀mù bá ṣe tán, ìgbìmọ̀ ni yóò fọwọ́ sí i, ìgbìmọ̀ sì ń jókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lóṣù. Àwa tí a ń fẹ̀sùn kan akọ̀wé la ti ń dá owó dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìmọ̀. Mo mú èyí lọ sí ìpàdé, wọ́n sì yan àwa mẹ́ta pé kí a máa wá fọwọ́ sí i ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Láti ìgbà náà, Ọjọ́bọ̀ ni gbogbo ọjọ́ tí a ń dá.

Ọ̀rọ̀ alága ló ṣòro fún mi jù. Nínú ìlà tí mo fà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, òun nìkan ló pe akọ̀wé lórí fóònù nígbà 19: iye tó wà ní báǹkì, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san gbèsè, lẹ́tà tí wọ́n fẹ́ kọ, ẹni tó ń bọ̀ tí kí akọ̀wé tètè dá lóhùn. Ó jù mí lọ ní ọdún mọ́kànlá. Mo lọ sí ilé rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, mo wá jábọ̀, ṣùgbọ́n apá kan wà tó wúwo lẹ́nu mi."

"Sọ ọ́, Tíṣà."

N kò lè sọ ọ́. Mo gbé ìwé àjákọ náà fún un. Ó fi awò ojú rẹ̀ sójú, ó ka ìlà tó wà níwájú orúkọ rẹ̀, ó tún fi ìka tẹ̀lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀ẹ̀mọkàndínlógún? Ọ̀sẹ̀ kan?" Ó dákẹ́. "Mo rò pé mo ń ràn án lọ́wọ́ ni."

Ó sì jẹ́ òótọ́ pé bẹ́ẹ̀ ló rò. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà ni, ohunkóhun tó bá sì wá sí i lọ́kàn ni yóò pè nípa rẹ̀ kí ó má baà gbàgbé. Láti ọjọ́ kejì, ó ń kọ wọ́n sínú ìwé kékeré kan tó wà lápò rẹ̀, ó sì ń pè lẹ́ẹ̀kan, ní aago méjìlá ọ̀sán. Ó gbàgbé lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Akọ̀wé gbé fóònù, ó sì dá a lóhùn.

Ìgbà kan wà tí ọjọ́ tí a dá fẹ́ yẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì báǹkì kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ènìyàn méje sì wà tí wọ́n ní ìwé Ọjọ́bọ̀ lọ́wọ́. Láyé àtijọ́, wọn ìbá wá, wọn ìbá jókòó, a ó sì máa bẹ̀ wọ́n. Akọ̀wé ṣí ìwé fàráńdà, ó pe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó sì sún wọn sí Ọjọ́ Ẹtì. Ẹni márùn-ún dúpẹ́. Ẹnì kan bínú gidigidi. Ẹni keje kò gbé fóònù, ó sì dé láàárọ̀; akọ̀wé jáde sí i, ó bẹ̀ ẹ́, ó sì san owó ọkọ̀ rẹ̀ padà láti inú àpò ara rẹ̀, èyí tí mo ní kí ẹgbẹ́ dá padà fún un.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí a bẹ̀rẹ̀ ètò fàráńdà, mo tún lọ jókòó fún ọjọ́ márùn-ún pẹ̀lú ìwé àjákọ mi. Ènìyàn 64 ló wá. Ọ̀rọ̀ tuntun jẹ́ 49, "ṣé ó ti yá?" jẹ́ 15. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí wo iye àkọ́kọ́ yẹn dáadáa: 47 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ gba akọ̀wé fún kò dín kù rárá. Ó ń ṣe gbogbo rẹ̀, ó ń jẹun ọ̀sán, ó sì ń lọ sílé ní aago mẹ́rin. Nígbà tí ọ́dítọ̀ dé, lẹ́jà ti wà ní kíkọ títí dé òpin oṣù Kejì. Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, alága dìde, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ akọ̀wé lójú gbogbo wa.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ti yanjú. Ní òpin oṣù, nígbà tí iye owó tí wọ́n máa yọ lára owó oṣù àwọn olùkọ́ bá gbọ́dọ̀ jáde, akọ̀wé ṣì ń gbé fáìlì lọ sílé fún alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, n kò sì tíì rí ọ̀nà gbà á. Iná mànàmáná ń ṣe wá bó ti ń ṣe gbogbo ìlú. Mo ti béèrè fún ẹ̀rọ ínfátà kékeré kan tó ń tọ́jú iná pamọ́, ìgbìmọ̀ ní àwọn yóò gbé e yẹ̀ wò.

Ọmọbìnrin tó wà ní fàráńdà ti rí àyè sí yunifásítì, ó sì ti lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló gba ipò rẹ̀. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo wà lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí ìyá kan wá béèrè fún ìwé ìfipamọ́ tuntun. Ó kí i dáadáa, ó kọ orúkọ rẹ̀, ó kọ nọ́ḿbà fóònù rẹ̀, nígbà tó sì kan ibi ọjọ́, ó kọ "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Akọ̀wé tó ń kọjá lọ dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó fagi lé e, ó sì kọ sókè ibẹ̀: Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 18.